Irọ́ Ni: Kíkó FSMO Kúrò Kò Sọ Pé Kí Ẹ Yọ Wáyà Sáfà Àtijọ́

Àwa tí a ń jẹun nídìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílùú Ìbàdàn yìí, láti Mọ́kọ́lá títí dé Challenge, ní ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ fún ara wa bí ẹni ń ka àdúrà: "Ṣáà ti kó FSMO márààrún lọ sórí sáfà tuntun. Iṣẹ́ parí nìyẹn. Yọ wáyà ti àtijọ́." FSMO ni ipò márùn-ún tí sáfà kan ṣoṣo gbọdọ̀ máa dì mú lẹ́ẹ̀kan nínú domain, ìyẹn àpapọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan lábẹ́ àkóso kan náà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi ọ̀rọ̀ yẹn lé mi lọ́wọ́. Èmi náà ti fi lé ọmọ iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ kó tó di pé ọjọ́ Ajé kan là mí lójú.

Ilé-iṣẹ́ kan ni, ní Ring Road, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ wọn bò. Kọ̀ǹpútà bíi ogójì ni wọ́n ní. Sáfà kan ṣoṣo ló ń bójú tó gbogbo wọn, Windows Server 2012 R2, nínú yàrá kótópó kan tí wọ́n tún ń kó páálí omi sí. Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ lórí 2012 R2 láti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2023, fáànù rẹ̀ sì ti ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo ń tán nínú rẹ̀. Wọ́n ra tuntun, wọ́n pè mí. Lọ́jọ́ Sátidé mo so tuntun mọ́ domain, mo sọ ọ́ di domain controller, ìyẹn sáfà tó ń yẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wò kí òṣìṣẹ́ tó wọlé, mo kó ipò márààrún sórí rẹ̀, mo tẹ netdom query fsmo, àṣẹ tó ń sọ ẹni tó di ipò kọ̀ọ̀kan mú, orúkọ sáfà tuntun jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ara mi yá. Mo pa àtijọ́, mo yọ wáyà rẹ̀, mo gbowó, mo wá ibi tí àmàlà ti gbóná.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni fóònù dún. Màmá tó ń bójú tó ìṣirò owó wọn ni.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ẹ kú àárọ̀ o. Kí lẹ ṣe fún wa lọ́jọ́ Sátidé?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Sáfà tuntun ni mo fi síbẹ̀, mà."

"Ẹ dákun, ẹ bá wa gbé àgbà yẹn padà. Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. Printer ò dáhùn. Ọmọ tó wà níwájú ò lè wọlé sórí kọ̀ǹpútà rárá. Ọ̀gá ti bèèrè yín lẹ́ẹ̀mejì."

Mo wọ Micra, mo dé ibẹ̀, mo tún netdom query fsmo tẹ̀. Ipò márààrún wà níbi tí mo gbé wọn sí, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Ohun tí mo ní kí n kó, mo kó o tán. Ilé-iṣẹ́ náà ṣì dúró gbagidi bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀ lórí afárá.

Ìgbàgbọ́ yìí ní bàbá tó bí i o. Láyé Windows NT 4.0, domain controller kan ṣoṣo ló láṣẹ láti kọ nǹkan tuntun sílẹ̀. Primary Domain Controller ni wọ́n ń pè é, PDC. Àwọn yòókù, BDC, ẹ̀dà ìwé ọwọ́ PDC nìkan ni wọ́n ń gbé kiri. Ẹ fẹ́ yí pásíwọ́ọ̀dù padà, PDC ni. Ẹ fẹ́ dá òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀, PDC náà ni. Nígbà yẹn, ẹni tó bá gbé oyè PDC kúrò lórí sáfà kan ti gbé ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò lóòótọ́. Windows 2000 ló dé tó gbé Active Directory kalẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ, pásíwọ́ọ̀dù àti ẹgbẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́, ló bá sọ gbogbo domain controller di ẹgbẹ́ ara wọn: ẹnikẹ́ni nínú wọn lè kọ nǹkan sílẹ̀, kó sì pín in fún àwọn tó kù. Àmọ́ àwa ṣì ń pè é ní "main" àti "backup" títí dòní. Orúkọ yẹn ló ń tàn wá jẹ.

Iṣẹ́ márùn-ún péré ló ṣẹ́kù tí ẹni méjì ò gbọdọ̀ jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni FSMO. Ẹ wá bá mi wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kẹ́ ẹ sọ fún mi èyí tí Màmá ìṣirò owó ń lò kó tó mu tíì àárọ̀.

Schema Master ló ń dá àṣẹ bí ìwé àkọsílẹ̀ ṣe máa rí: pé òṣìṣẹ́ ní orúkọ, ní nọ́ńbà fóònù, ní irú nǹkan báyìí. Ìgbà tí ẹ bá ń gbé Exchange, sáfà ímeèlì Microsoft, wọlé tàbí tí ẹ bá ń fi domain controller ti ẹ̀dà tuntun kún un lẹ ó tó pè é. Domain Naming Master kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹ bá fẹ́ fi domain mìíràn kún igbó yín (forest, àpapọ̀ àwọn domain yín) tàbí kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Infrastructure Master ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ti domain kan wọ ẹgbẹ́ nínú domain mìíràn; bó bá jẹ́ domain kan ṣoṣo lẹ ní, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn, ńṣe ló jókòó tó ń wo ojú ọjọ́. Ẹ̀yí mẹ́ta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

RID Master ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ iṣẹ́: "Tí RID bá kú, ẹ ò lè dá àkáǹtì mọ́." Ó tó ẹ̀rù, àmọ́ kò tó báyẹn. Gbogbo àkáǹtì ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ jẹ́, RID Master ló sì ń pín nọ́ńbà náà. Kì í pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló ń kó fún domain controller kọ̀ọ̀kan, 500 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí domain controller náà bá lò ó dé ìdajì ni yóò lọ tọrọ òmíràn. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin lọ́dún á lo èyí tó wà lọ́wọ́ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé RID Master ò sí nílé.

PDC Emulator ló ku, òun nìkan ló sì ń làágùn lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún. Bí domain controller mìíràn bá rò pé pásíwọ́ọ̀dù kan kò tọ̀nà, yóò kọ́kọ́ bi í kó tó lé onítọ̀hún. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni aago gbogbo domain ti ń wá. Ọ̀rọ̀ aago yẹn ṣì ń bọ̀.

Ẹ ti rí i? Nínú márààrún, kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ "jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé". Domain controller èyíkéyìí ló ń ṣe ìyẹn. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́, pásíwọ́ọ̀dù wọn, ẹgbẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí sáfà tuntun láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ di domain controller, kí n tó fọwọ́ kan ipò kankan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mo fi kó FSMO yẹn, èmi ni mo rò pé mo ń gbé ilé. Oyè márùn-ún lásán ni mo gbé.

Àwa ará Ìbàdàn ló tún yẹ kó ṣe wá léèmọ̀ jù. Àkàbà oyè la fi ń dé orí ìtẹ́ níbí, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun: àga kan ṣófo lókè, àwọn tó wà lẹ́yìn a sún sókè. A wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni domain controller náà ń ṣe, pé bí "main" bá kú, "backup" á gun àkàbà. Kò sí àkàbà níbẹ̀ o. Bí ẹni tó di FSMO mú bá kú, ipò náà wà lọ́rùn òkú títí tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara fi máa wá gbà á. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ á máa wọlé, á máa ṣiṣẹ́, bí domain controller kejì bá wà, tí ó ní Global Catalog (àkójọ kúkúrú ohun tó wà nínú gbogbo domain), tí kọ̀ǹpútà wọn sì mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣubú.

Wọ́n ti wó toll gate tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó tipẹ́tipẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn ti ń wa ọkọ̀ báyìí. Síbẹ̀, ẹ dúró sí Challenge, ẹ ó gbọ́ "Toll Gate! Toll Gate! Ẹnì kan síwájú!" Ohun tó ń jẹ́ ibẹ̀ ti lọ, àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ò tíì yí ẹnu padà. Àwọn kọ̀ǹpútà ogójì yẹn ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kọ̀ǹpútà Windows tó bá ń wá domain controller kì í mọ̀ ọ́n lójú. DNS, ìwé tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà, ló ń bi: "Ta ló wà nídìí _ldap._tcp.dc._msdcs?" Àdírẹ́sì DNS tí wọ́n ń bi, ti sáfà àtijọ́ ni. DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún kọ̀ǹpútà, ló fún wọn, ní option 006 tó ń sọ DNS tí wọn ó bi, sáfà àtijọ́ náà ló sì ń ṣe DHCP. Mo gbé oyè márùn-ún kúrò lọ́wọ́ bàbá, mo fi gbogbo ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa pe bàbá tí mo ti yọ wáyà rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ "íntánẹ́ẹ̀tì ò sí" nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà o. Rọ́tà wọn ń tanná wẹ́kúwẹ́kú. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà ló kú.

Ohun tó kọ́kọ́ da orí mi rú ni pé ẹlòmíràn ń wọlé. Màmá ìṣirò owó fúnra rẹ̀ wọlé. Ọ̀dọ́mọdé tó wà níwájú ò wọlé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àkáǹtì ni, mo fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣòfò lórí rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé Windows máa ń tọ́jú ẹ̀rí àwọn tó wọlé kẹ́yìn sórí kọ̀ǹpútà náà, ẹni mẹ́wàá bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Màmá ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà náà dá a mọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ọmọ yẹn, kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ló jókòó sí láàárọ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ má fi "tèmi wọlé" ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ yín dára. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń ṣe ojú àánú ni.

Bákan náà ni ti àdírẹ́sì. Yíyá ni DHCP ń yá wọn, ọjọ́ mẹ́jọ sì ni ti Windows bí wọn ò bá yí i. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ti yá tiwọn ṣáájú Sátidé ṣì dì í mú. Láptọ́ọ̀pù ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ló ní 169.254 lára, àdírẹ́sì ọmọ òrukàn tí kọ̀ǹpútà ń fún ara rẹ̀ nígbà tí DHCP ò dáhùn, ìyẹn ló sì ṣe ń bèèrè mi lẹ́ẹ̀mejì.

Printer ńkọ́? Orí sáfà àtijọ́ ni wọ́n ti pín in. Fódà Z: tí ìwé ìṣirò wà ńkọ́? Orúkọ sáfà àtijọ́ ló wà níwájú rẹ̀. Kò sí èyí tí FSMO mọ̀ nípa rẹ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Bí ẹ bá tún lọ bá AD CS lórí irú sáfà bẹ́ẹ̀, èyí tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí, ẹ rọra: ẹ gbọ́dọ̀ kó òun kúrò kí Windows tó gbà kẹ́ ẹ bọ́ oyè domain controller lọ́rùn rẹ̀.

Mo tan àtijọ́ padà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ ti padà sí bó ṣe wà, Màmá sì ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo lè tàn án padà nítorí pé ńṣe ni mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀, àwọn méjèèjì wà láàyè, wọ́n gbọ́ ara wọn. Wọ́n ń pe ìyẹn ní transfer. Seize lèkejì, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ipá gba ipò lọ́wọ́ òkú, pẹ̀lú ntdsutil tàbí kẹ́ ẹ fi -Force sí ìdí Move-ADDirectoryServerOperationMasterRole. Ẹni tí ẹ bá seize lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jí dìde mọ́. Bí RID Master méjì bá wà lójú kan, tí àwọn méjèèjì ń pín nọ́ńbà, àkáǹtì méjì lè jẹ́ nọ́ńbà kan. Mo ti rí àwọn tó ń fi -Force sí i torí pé ó yá, tí àtijọ́ sì wà láàyè tó ń mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é báyìí, FSMO ló kéré jù nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ domain tó ti pẹ́, mo kọ́kọ́ máa ń tẹ dfsrmig /getmigrationstate, torí pé bí SYSVOL, fódà tí àwọn domain controller jọ ń pín, bá ṣì ń gun FRS, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín in, Server 2019 àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ò ní gbà láti di domain controller níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, sáfà tuntun wọlé, dcdiag àti repadmin /replsummary, àyẹ̀wò ìlera domain controller àti pípín ẹ̀dà láàárín wọn, mọ́ tónítóní, mo wá lọ sí DHCP, mo fi àdírẹ́sì tuntun ṣáájú ní option 006, mo sì dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdúró yẹn ni àwọn oníbàárà ò fẹ́ sanwó fún, òun náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ jù. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kọ àdírẹ́sì sí, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá a: printer, kámẹ́rà, rọ́tà, àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ti tún ṣe lọ́dún kan tí kò sì padà wá. Export-DhcpServer àti Import-DhcpServer ló ń kó DHCP fúnra rẹ̀, fódà àti printer náà a sì tẹ̀lé e.

Aago wá. Nígbà tí PDC Emulator bá ti bọ́ sórí sáfà tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo domain á ti máa wo aago, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ẹni tí yóò wò àfi tí ẹ bá sọ fún un. w32tm /config /manualpeerlist pẹ̀lú orúkọ sáfà aago tó wà lóde, /syncfromflags:manual, /reliable:yes, /update. Sáfà àtijọ́ lẹ ó wá fún ní /syncfromflags:domhier, kó má bàa máa ṣe bí ẹni pé òun ṣì ni olórí. Kerberos, ètò tó ń yẹ ẹni tó ń wọlé wò, ò gbà kí aago kọ̀ǹpútà àti ti domain controller fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ síra. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, tí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà ti kú lára ìdajì wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún ò pọ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mo máa ń yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ lọ́sàn-án gangan, lọ́jọ́ iṣẹ́, tí mo wà níbẹ̀. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan, mi ò pa á. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń fetí sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ké. Ọ̀sẹ̀ kan ò ṣe é ní nǹkan. 180 ọjọ́ ni Active Directory máa ń fún ẹni tó bá sọnù kó tó di àlejò pátápátá, àfi lórí àwọn domain tó ti wà kí Server 2003 SP1 tó dé, tó lè ṣì jẹ́ 60.

Bí ẹnikẹ́ni ò bá ké, mo so ó padà, mo sì bọ́ oyè lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú Uninstall-ADDSDomainController. Ohun tó máa ya àwọn tó ń bẹ̀rù FSMO lẹ́nu rèé: bí ẹ bá gbàgbé ipò kan sórí rẹ̀, bó ṣe ń bọ́ oyè lọ ni yóò gbìyànjú láti gbé e fún domain controller tó kù. Iṣẹ́ tí a fi ń gbowó, tí a fi ń yangàn, ẹ̀rọ náà lè dá a ṣe nígbà tó bá ń lọ. Mo ṣì ń fọwọ́ ara mi kó o, torí mo fẹ́ mọ ẹni tó gbà á.

Ẹni tí kò bá bọ́ oyè rẹ̀, tó kàn gbé e fún oníjáǹkárà, yóò gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Orúkọ òkú á ṣì wà nínú DNS, kọ̀ǹpútà á ṣì máa kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tuntun á sì máa dúró dè é. Mo ti rí i níbi tí iná lọ tó dé, tí sáfà tuntun jí tó kọ ìkìlọ̀ 2092 sínú àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ (event log): òun ni òun ni ipò náà, àmọ́ òun ò tíì gbà pé ti òun ni, torí òun ò tíì rí alájọṣe òun kí àwọn jọ ṣe àfiwé. Alájọṣe yẹn ti di irin yíyọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ni, mo mọ̀, àmọ́ bó bá ṣeé ṣe, kí sáfà tuntun jẹ́ méjì. Ẹni tó ti ọ̀kan lọ sí ọ̀kan ṣì wà lórí ẹsẹ̀ kan.

Ní ti Ring Road, mo padà lọ, mo ṣe é bí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é yìí. Mo yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àtijọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo fetí sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ké. Mo bọ́ oyè rẹ̀, wọ́n gbé e jáde láti àárín páálí omi. Ìparí oṣù ni Màmá tó pè mí.

"Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ìka lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń kọ aago tí kálukú wọlé, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ láti ìgbà tẹ́ ẹ wá."

Àdírẹ́sì sáfà àtijọ́ ni wọ́n fọwọ́ kọ sínú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ.

"Ta ni kó sọ?" ni Màmá wí. "Àwọn tó ń pẹ́ dé?"